Alángbá Tí Ajíbọ́lá Gbé Bọ̀ Láti Hústìn

Ilé Oyèwùmí,
Ọ̀nà Àpòmù,
Ìkirè,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
14 Oṣù Kọkànlá, 1994.

Salome, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá Jemima ńkọ́, ṣé iṣẹ́ alẹ́ yẹn ò ni wọ́n lára jù? Jemima fúnra rẹ̀ ńkọ́? Mo gbọ́ pé gẹ̀ẹ́sì nìkan ló fi ń dá ọ lóhùn báyìí. Òtútù ti bẹ̀rẹ̀ ní Hústìn lọ́hùn-ún àbí kò tíì bẹ̀rẹ̀? Àwa náà wà níbí. Màámi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn, èmi ń ránṣọ, àmọ́ ara ò rọ̀ wá nínú ilé yìí. Ọ̀rọ̀ Ajíbọ́lá àbúrò mi ni mo torí ẹ̀ kọ lẹ́tà yìí.

Ìwọ lo sìn ín dé pápá ọkọ̀ òfuurufú nígbà tó ń bọ̀ wálé, o mọ bí ọkàn rẹ̀ ṣe dàrú tó. Ohun tí o ò mọ̀ ni pé alángbá aláwọ̀ ewé tí ẹ jọ lọ rà ní ṣọ́ọ̀bù ẹran ọ̀sìn yẹn, èyí tó ní ẹ̀ka káàkiri Amẹ́ríkà, inú àpò kóòtù ló fi sí tó fi gbé e dé Ìkirè. Páádì ló ń pè é. Láti ìgbà tó ti dé, kì í bá ẹnikẹ́ni nínú wa sọ ju ẹ káàárọ̀ lọ, àmọ́ tó bá ti jókòó ti Páádì, á máa rojọ́, á máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Màámi kọ́kọ́ rí alángbá náà, igbe ni wọ́n fi bọ́ sí títì. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbọ́ ẹ̀rín ọmọ wọn, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í já gbúre fún Páádì.

Àwọn aládùúgbò ní tiwọn ò gbà. Wọ́n ní ibi tí àwọn bá ti rí alángbá náà níta, àwọn á pa á. Bó ṣe di pé inú yàrá ló ń gbé nìyẹn, fèrèsé ní títì, oòrùn kì í kàn án. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, àgbọ̀n rẹ̀ rọ̀ bíi rọ́bà, kò lè gbé ara nílẹ̀ mọ́.

Mo lọ pe dókítà ẹran kan wá láti Àpòmù, Ọ̀gbẹ́ni Gàrúbà. Ó yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó mi orí.

"Ẹ má bínú, àǹtí. Ewúrẹ́, àgùntàn, adìyẹ, ìyẹn ni mo ń tọ́jú. Mi ò fọwọ́ kan irú eléyìí rí."

Ni Ajíbọ́lá bá ní ká lọ pe ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti rà á lórí tẹlifóònù. A wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, a ra káàdì tẹlifóònù. Orin ni wọ́n ń lù sí wa létí títí káàdì fi tán. A ra òmíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, ọkùnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ tutù. Ó gbọ́ gbogbo àlàyé, ó wá ní kí Ajíbọ́lá gbé e wá sí ẹ̀ka wọn tó bá sún mọ́ ọn jù.

"Ìkirè ni mo wà, sà."

"Ìpínlẹ̀ wo nìyẹn?"

"Ọ̀ṣun ni, sà."

Ibẹ̀ ni káàdì kejì parí sí. Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, Páádì kú sórí itan rẹ̀. Màámi ló bá a gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé. Láti ìgbà náà, oúnjẹ ò wọlé sí i lẹ́nu. Àná ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí Àǹtí Salome kí wọ́n bá mi ra òmíràn. Ẹ ní kí wọ́n mú èyí tí ara rẹ̀ le."

Mo ní màá kọ ọ́.

Ọ̀rẹ́ mi, tí o bá rà á, inú yàrá yìí náà ló máa kú sí. Tí o ò bá sì rà á, mi ò mọ ẹni tí Ajíbọ́lá á tún máa bá sọ̀rọ̀. Mo ti jẹ́ iṣẹ́ tó rán mi. Èyí tí ǹ bá bẹ̀ ọ́ pé kí o ṣe nínú méjèèjì ni mi ò mọ̀.

Màámi ní kí n kí ọ dáadáa. Bá mi kí bàbá Jemima, kí o sì gbá ọmọ náà mọ́ra fún mi.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Olúkẹ́mi.