Sí Ọlọ́yàyà, Lórí Ọ̀rọ̀ Orúnkún

Ọmọ mi Ọlọ́yàyà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òtútù ìlú òkèèrè yẹn ò mú ẹ jù? Àwa níbí ò ráhùn, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká ráhùn. Ìyá ẹ kí ẹ, ẹ̀gbọ́n ẹ kí ẹ, ewúrẹ́ tó o fi sílẹ̀ náà ti bímọ. Mo kọ èyí sínú ìwé torí ìyá ẹ kì í jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán lórí fóònù.

Òrùlé ṣọ́ọ̀bù mi ń jò, mo sì gun àkàbà lọ kàn án fúnra mi. Ìyá ẹ dúró nísàlẹ̀, ó ń pariwo pé àgbà kì í gun òrùlé bí ológbò, mo ṣáà ń gbá ìṣó mi lọ títí mo fi kàn án tán. Láti òkè yẹn ni mo ti rí ẹnu ọ̀nà tó o máa ń kúnlẹ̀ sí láràárọ̀, tí wàá máa béèrè pé ṣé mo sùn dáadáa. Kí n tó dáhùn, o ti kí gbogbo ilé kan àwọn adìyẹ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ẹ́ ní Ọlọ́yàyà. Àárò ẹ ń sọ mí, ọmọ mi. Látọjọ́ tó o ti lọ, ilẹ̀ ilé yìí kì í tètè mọ́ mọ́.

Ìdí nìyẹn tí ọkàn mi ò fi balẹ̀ nígbà tó o ní o lè lo odindi ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀ láìsí ẹni tó máa pè ẹ́ lórúkọ, pé o ti ń di ẹrù ẹ láti padà wálé. Èmi náà kúkú rí àwọn ará ibẹ̀. Ọjọ́ tó o fi títì hàn mí nínú fóònù, mo dé fìlà nítorí wọn, mo kí gbogbo àwọn tó ń kọjá lẹ́yìn ẹ, àtẹni dúdú àtẹni pupa, àtẹni tó wé láwàní àtẹni tó fa ajá dání. Kò sẹ́ni tó dáhùn. O ní wọn ò gbọ́ mi ni. Kí wá ni iṣẹ́ fóònù olówó gọbọi yẹn?

Ti àpótí irin tó ń gbé yín lọ sókè ilé yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. O ní gbogbo yín á kún inú ẹ̀, ẹ á kọjú sí ilẹ̀kùn, ẹ ò ní sọ̀rọ̀. Mo ní ta ló ṣẹ̀ yín? Ẹni tó bá bá ẹ wọ yàrá kan náà, bó ti wù kó kéré tó, ará ilé ẹ ni. Ohun tí mo fi ní kó o máa kúnlẹ̀ kí àgbà tó bá wọ inú àpótí náà nìyẹn.

O wá ní mo kó bá ẹ. O ní bó o ṣe kúnlẹ̀ fún ìyá arúgbó tí yàrá wọn dojú kọ tìẹ, wọ́n rò pé ẹsẹ̀ ló yẹ̀ lábẹ́ ẹ, wọ́n figbe ta, wọ́n fà ẹ́ dìde, wọ́n mú ẹ lọ sí yàrá wọn, wọ́n fún ẹ ní tíì, wọ́n sì fi aṣọ gbígbóná di orúnkún ẹ. Láti ìgbà náà, àràárọ̀ ni wọ́n ń kanlẹ̀kùn láti béèrè ẹsẹ̀. Ojú ń tì ẹ́, o fẹ́ wá ẹni tó gbọ́ èdè wọn kó bá ẹ ṣàlàyé pé kò sóhun tó ṣe ẹ́.

Jọ̀ọ́, má wá ẹnikẹ́ni. Ẹni tó jí tó ń béèrè ara rẹ, kí lo tún ń wá? Èèyàn laṣọ, ìwọ náà lo sì ní òtútù pọ̀ níbẹ̀. Tó o bá gbúròó wọn, máa tiro díẹ̀. Kó má pọ̀ o, àṣejù baba àṣetẹ́. Tó bá yá, kí ìwọ náà béèrè ẹ̀yìn wọn, torí kò sí arúgbó tí ẹ̀yìn ò dùn. Tú ẹrù ẹ, ọmọ mi.

Bọ́wọ́ ẹ bá dẹ̀ lóṣù yìí, fowó páànù ránṣẹ́, torí èyí tí mo kàn tún ti ń jò. Ìpara tó o fẹ́ rà fún orúnkún mi, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n má ra èyí tó lágbára jù.

Ọlọ́run á máa fi ẹni ire pàdé ẹ. Ilẹ̀ onílẹ̀ á gbà ẹ́ tọwọ́tẹsẹ̀, á sì dá ẹ padà fún mi láyọ̀ nígbà tó bá tó.

Orúnkún mi tó o máa ń torí ẹ̀ pè mí láràárọ̀ Sátidé, ó ṣì ń dùn mí. Máa béèrè.

Èmi ni bàbá ẹ, káfíńtà.