Mo Pe Ọmọ Mi Ní Onírọ́ Nítorí Sátífíkéètì

Olóòtú wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ẹ ṣáà sọ pé ìyá kan ní Baṣọ̀run ni.

Iṣẹ́ ọmọ mi ni kó máa so kọ̀ǹpútà àwọn ọ́fíìsì pọ̀ mọ́ra. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, mo ta fìríìsà tí mo fi ń ta omi tútù, kó lè ṣe ìdánwò òyìnbó kan lórí iṣẹ́ náà. Ó yege. Mo fi férémù sí sátífíkéètì rẹ̀, mo gbé e kọ́ sí pálọ̀.

Lóṣù tó kọjá, ó ní sátífíkéètì náà ti ẹ̀sípáyà, pé ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, òun gbọ́dọ̀ tún ìdánwò náà ṣe, kí n ran òun lọ́wọ́. Inú bí mi. Mo ní, "Ṣé mílíìkì inú agolo ni? Ìwé mẹ́fà tí mo gbà kí n tó bí ẹ, ṣé ó ti bàjẹ́ ni?" Mo pe àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ jọ, mo pè é ní onírọ́ lójú wọn. Ó kó aṣọ rẹ̀, ó lọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo bi ọ̀gá kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ náà ní àdúgbò Challenge. Ó ní òótọ́ lọmọ mi sọ, pé tòun náà ti ẹ̀sípáyà lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọ mi ò gbé fóònù mi mọ́. Ẹbí ní àgbà kì í bẹ ọmọdé, pé á padà wá fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó máa ń gbọ́ ètò yín lórí rédíò. Ẹ̀yin olùgbọ́, ojú èèyàn ni mo ti pè é ní onírọ́. Ṣé ó wá burú tí mo bá bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo Ìbàdàn?