Ìwé Ìhágún Ọlọ́pàá Tó Jẹ́rìí Tako Àna Rẹ̀

Èmi, Jóṣúà Ọláwọlé Ọ̀ṣuntọ́lá, ọmọ bíbí Ẹdúnàbọ̀n, tí mo fi Ọ̀nà Ìbàdàn ní Ilé-Ifẹ̀ ṣe ibùgbé, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, ọ̀gá ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, tí mo sì ti ṣe olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìwà ọ̀daràn àti ìdájọ́, ni mo ń sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi. Dókítà yẹ̀ mí wò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó bi mí ní ọjọ́ tí a wà, orúkọ ìlú tí a wà, àti iye tó kù bí a bá yọ méje kúrò nínú ọgọ́rùn-ún. Mo dáhùn gbogbo rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọpọlọ mi pé. Mo gbà fún un, àyàfi lórí ọ̀ràn kan ṣoṣo tí kò bi mí, tí ẹ óò sì kà níwájú.

Mo fagi lé gbogbo ìwé ìhágún tí mo ti kọ ṣáájú èyí. Ẹni méjì ni mo fi ṣe alámòójútó ohun ìní mi: Ìbùkúnọlá, ọmọ mi obìnrin, àti Alhaji Abdulsalam Lágúnjú ará Modákẹ́kẹ́, tí a jọ ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.

1. Ilé tí mo ń gbé, pẹ̀lú yàrá mẹ́rin tó wà lẹ́yìn rẹ̀, di ti Ìbùkúnọlá àti Tiwaladé àbúrò rẹ̀, ní ọgbọọgba. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gbé àwọn yàrá ẹ̀yìn. Ẹ má ṣe lé ẹnikẹ́ni jáde títí wọn yóò fi ṣe ìdánwò tán.

2. Àwọn ewúrẹ́ mi mẹ́rin di ti Tiwaladé. Ìbùkúnọlá sọ pé mẹ́ta ni wọ́n. Mo jáde lọ kà wọ́n láàárọ̀ yìí, mo ka mẹ́rin, mo tún un kà, ó di mẹ́ta. Ó lè jẹ́ pé ti aládùúgbò ló wọlé tó tún jáde. Iye tí ẹ bá bá ní ọjọ́ náà ni kí ó kó.

3. Kóòtù òtútù mi àti fìlà búlúù tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fún mi di ti Abdulsalam.

Ní ọdún 2001, wọ́n yan èmi àti Abdulsalam pé kí a lọ bá wọn ṣọ́ ìlú ní Kósófò nílẹ̀ Yúróòpù, níbi tí ogun ti ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. A kò rí yìnyín bo ilẹ̀ rí. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ọkọ̀ wa yọ̀ kúrò lójú ọ̀nà tó wọ inú kòtò. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń jiyàn lórí ẹni tó ń wakọ̀. Èmi rántí pé Abdulsalam ni. Òun náà ti fi Kùránì búra pé èmi ni. Nígbà kan a kò bá ara wa sọ̀rọ̀ fún odindi oṣù méjì nítorí rẹ̀. Abdulsalam, gba kóòtù náà. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ èmi.

4. Gbogbo ìwé mi lórí iṣẹ́ ìwádìí di ti ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ṣe olùkọ́ fún ọdún mọ́kànlá. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó kó wọn, kí Ìbùkúnọlá yọ ìwé ìkọ́ni mi kúrò láàrin wọn, èyí tí mo pe àkọlé rẹ̀ ní “Ẹlẹ́rìí Tí Kò Ṣìnà”. Kí ó má ṣe jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan tún kà á.

Ọ̀ràn tí mo fi ń kọ́ wọn nínú ìwé náà ni mo ń bọ̀ wá sọ. Ṣùgbọ́n Làìbéríà ni iyèméjì ti kọ́kọ́ mú mi. Ní ọdún 2005, mo ń kọ́ àwọn ọlọ́pàá tuntun níbẹ̀. Mo ṣètò pé kí ọkùnrin kan sáré wọ inú kíláàsì, kí ó gbé báàgì mi, kí ó sì sá jáde, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ ohun tí wọ́n rí. Wọ́n jẹ́ mẹ́tàlélógún, ohun tí wọ́n kọ kò bára mu. Mo rẹ́rìn-ín. Mo wá kọ èsì tó tọ̀nà sára pátákó: ẹ̀wù pupa. Ọkùnrin náà padà wọlé, ẹ̀wù rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀. Èmi ni mo rán an níṣẹ́, èmi ni mo sì bá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rò pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Mo jẹ́ kí wọ́n rò bẹ́ẹ̀.

5. Ìwé kékeré aláwọ̀ dúdú, irú èyí tí ọlọ́pàá máa ń fi sápò, ni mo fi lé àwọn alámòójútó méjèèjì lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jó o, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò gbọdọ̀ ya ojú ewé kankan kúrò nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1992, nígbà tí mo jẹ́ sájẹ́ǹtì, wọ́n fọ́ ilé tí àwọn oníṣòwò ń kó kòkó sí ní Lágéré. Wọ́n fi irin lu ọlọ́dẹ ibẹ̀, ojú rẹ̀ ọ̀tún sì fọ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀. Oòrùn ti ń wọ̀. Mo rí ọkùnrin kan tó ń fo ògiri ẹ̀yìn, mo lé e dé etí gọ́tà, ó sì sá mọ́ mi lọ́wọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ náà, orúkọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní àgọ́ wa: Akínkúnlé, káfíńtà, nítorí pé òun ló tún ilẹ̀kùn ilé kòkó náà ṣe kẹ́yìn. Bọ̀dá Akínkúnlé yìí ni ẹ̀gbọ́n Àníkẹ́, ìyàwó mi. Agboolé wọn wà ní Òkèrèwè. Ibùsùn tí Bọ̀dá Akínkúnlé fi ọwọ́ ara wọn kàn fún wa nígbà ìgbéyàwó ni mo ṣì ń sùn lé títí di òní. Ní ọjọ́ kẹjọ, mo jókòó, mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé Bọ̀dá Akínkúnlé ni mo rí.

Ní ọdún 1993, mo dúró nílé ẹjọ́, mo búra. Mo ní, “Mo rí ojú rẹ̀. Ó yíjú padà wò mí.” Adájọ́ bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú bí mo ṣe dá ìyàwó mi mọ̀. Bọ̀dá Akínkúnlé sọ pé àwọn wà ní Ẹdúnàbọ̀n lórí òrùlé ilé kan ní ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n onílé ti rìnrìn àjò, kò sẹ́ni tó rí wọn. Wọ́n fún wọn ní ẹ̀wọ̀n ọdún méje. Oṣù kẹta tí wọ́n wọ ẹ̀wọ̀n ni ìyàwó wọn bí Mojíre. Wọ́n dín ọdún náà kù fún wọn, síbẹ̀ ọmọ náà ti ń lọ sí ọdún márùn-ún kí ó tó mọ bàbá rẹ̀.

Gbogbo àwọn ọ̀gá mi ló yìn mí. Wọ́n ní ọlọ́pàá tí kì í wojú àna nìyí. Ìyìn yẹn ló gbé mi dé ipò, òun ló gbé mi dé Kósófò àti Làìbéríà, òun náà ló sọ mí di olùkọ́. N kò lè tọ́ka sí ohun kan nínú ayé mi lẹ́yìn ọdún náà kí n sì sọ pé kò ti ibẹ̀ wá.

Àníkẹ́ kò bá mi jà. Ó ń se oúnjẹ mi, ó ń lọ aṣọ iṣẹ́ mi, ó sì tún bí Tiwaladé fún mi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ ìdájọ́ náà, kò bi mí léèrè nípa iṣẹ́ mi mọ́ rárá. Ó kú ní ọdún 2021. Nígbà tí Ìbùkúnọlá ń tú àpótí aṣọ rẹ̀, ó bá ìwé dúdú yìí nínú gèlè kan tí wọ́n ká mọ́ ọn lára. Ìwé mi ni. Mo ti rò pé ó sọnù nígbà tí a ń kó kúrò ní bárékè. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ohun tó wà níbẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fọ́ ilé kòkó náà gan-an. Ìtumọ̀ rẹ̀ nìyí: “Ọkùnrin kan, ó ga, ẹ̀wù aláwọ̀ ewé. N kò rí ojú.”

Ohun tí dókítà kò bi mí nìyí. Bí mo bá di ojú mi, mo rí Bọ̀dá Akínkúnlé lórí ògiri náà kedere, òógùn ń ṣàn níwájú orí wọn, wọ́n ń wò mí. Bí mo bá la ojú, ọwọ́ ìkọ̀wé ara mi ń sọ fún mi pé n kò rí ojú kankan. Ìgbà wo ni ojú náà wọ inú orí mi? Ṣé mo purọ́ ni? N kò rántí pé mo purọ́. Ṣé ẹni tó purọ́ kì í mọ̀?

Àníkẹ́ ńkọ́? Bí ó bá ti rí ìwé náà kí a tó dá ẹjọ́, a jẹ́ pé nítorí mi ló ṣe fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni, kí ló ń dúró dè? Kí ló dé tí kò jó o, tí kò sì fi hàn mí? Ọdún márùndínlógójì ni a fi wà papọ̀. Mo kọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn bí a ṣe ń wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni, n kò sì mọ ohun tó wà nínú àpótí ìyàwó mi.

Ọdún mẹ́ta ni èmi náà fi tọ́jú ìwé náà, gẹ́gẹ́ bí òun ti ṣe. Mo kọ ọ́ síbí kí ẹnikẹ́ni má baà yìn mí. Ní ọdún tó kọjá, mo mú un lọ sí Òkèrèwè. Bọ̀dá Akínkúnlé wá awò ojú wọn, wọ́n kà á tán, wọ́n sì dá a padà fún mi. Wọ́n ní, “Ọláwọlé, èmi ti mọ ibi tí mo wà lọ́jọ́ náà tipẹ́. Ìwọ ni o kò mọ ibi tí o wà.”

Mo fi ilẹ̀ lọ̀ wọ́n. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́. Wọ́n ní bí mo bá fẹ́ ṣe nǹkan, kí n lọ sọ ọ́ níbi tí mo ti sọ ti àkọ́kọ́. Nítorí náà, ní oṣù kejì ọdún yìí, mo lọ sí ilé ẹjọ́, mo búra pé n kò lè dúró lórí ẹ̀rí tí mo jẹ́ ní ọdún 1993 mọ́. Agbẹjọ́rò mi ti gbé ìwé wọlé pé kí wọ́n tún ẹjọ́ náà yẹ̀ wò. Ó ní ó lè pẹ́. Bí mo bá kú kó tó parí, kí àwọn alámòójútó mi bá a lọ dé òpin.

6. Ilẹ̀ mi ní ọ̀nà Ẹdúnàbọ̀n di ti Mojíre, ọmọ Akínkúnlé, tó ń ṣe olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní Modákẹ́kẹ́. Mo ti sọ fún un. Ó kí mi, ó gbé omi fún mi, kò sọ pé òun gbà, kò sì sọ pé òun kọ̀. N kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Kí ilẹ̀ náà máa dúró dè é.

7. Tiwaladé ọmọ mi ń bínú sí mi. Ó ní kí n jó ìwé náà, ó ní orúkọ tí mo fi ogójì ọdún kọ́ ni mo fẹ́ wó, àti pé òun náà ń jẹ́ orúkọ náà. Ọmọ mi, òótọ́ lo sọ. Mo fi ibùsùn mi fún ọ. O mọ ẹni tó kàn án.

8. Ẹ sin mí sí ẹ̀gbẹ́ Àníkẹ́. Bí àwọn ará ilé rẹ̀ bá kọ̀, ẹ má bá wọn jiyàn, ẹ gbé mi lọ sí Ẹdúnàbọ̀n.

9. Nípa àwọn ẹlẹ́rìí. Nígbà tí Bọ̀dá Akínkúnlé gbọ́ pé mo ń kọ ìwé yìí, wọ́n rán Mojíre sí mi pé àwọn fẹ́ ṣe ẹlẹ́rìí. Agbẹjọ́rò sáré ṣàlàyé fún wọn pé ẹni tó bá jẹ́ ẹlẹ́rìí sí ìwé ìhágún kò lè jogún ohunkóhun nínú rẹ̀. Wọ́n ní àwọn mọ̀, ìdí tí àwọn fi fẹ́ ẹ nìyẹn. N kò mọ̀ bóyá ìdáríjì ni tàbí ìdájọ́. Mo ti wá àga tó dára fún wọn.

Mo fọwọ́ sí i ní Ilé-Ifẹ̀, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún 2025, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀.

J. Ọ. Ọ̀ṣuntọ́lá

Ẹlẹ́rìí kìíní: Ìyábọ̀dé Olúgbàmí, nọ́ọ̀sì, Ọ̀nà Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀. Jóṣúà Ọ̀ṣuntọ́lá fọwọ́ sí i níṣojú mi.

Ẹlẹ́rìí kejì, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́:

Èmi Akínkúnlé Adéwuyì, káfíńtà, Òkèrèwè, Ilé-Ifẹ̀. Mo jókòó sí iwájú rẹ̀. Fèrèsé wà ní ṣíṣí, ilẹ̀ ti mọ́. Ọláwọlé ni. Ó kọ orúkọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èyí ni mo rí. N kò rí inú rẹ̀, nítorí náà n kò ní sọ nǹkan kan nípa rẹ̀.