Ìwé sí Ìdílé Májẹ́kódùnmí lórí Olùkọ́ Tí Kì í Kánjú

Sí Ọ̀gbẹ́ni Ọládàpọ̀ Májẹ́kódùnmí àti gbogbo ẹbí,
Bódìjà, Ìbàdàn.

Pẹ̀lú ọkàn tó gbọgbẹ́ ni àwa ọmọ Ẹgbẹ́ Ìtẹ́wọ́gba Àlejò fi gbọ́ pé màmá yín, Ìyáàfin Àbẹ̀ḿbí Májẹ́kódùnmí, ti sùn nínú Olúwa lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Áà, ikú dóró!

Ọdún mẹ́sàn-án ni Màmá fi ṣí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn sílẹ̀ fún àwọn obìnrin tó ti Tógò àti Kútọnu wá, tí wọ́n ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ wa. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, Màmá á tẹ́ aṣọ funfun, wọ́n á po ẹ̀kọ láfún, wọ́n á fún kálukú ní ìyẹ́ adìẹ láti fi ya àdìrẹ. Kí aṣọ tó wọ inú aró, ilé tí olúwarẹ̀ fi sílẹ̀ ni kó kọ́kọ́ yà sí i lára. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fipá gba Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu rẹ̀. Ìgbà tó bá wù ú ni yóò fọwọ́ kan fèrèsé tó yà, tí yóò béèrè orúkọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ariwo ọjà á máa dún lókèèrè, àwọn obìnrin náà á máa rìn lórí aṣọ láti yàrá dé yàrá nínú ilé wọn àtijọ́, bí ẹni ń lálàá. Àlejò tó bá yọjú, jẹ́jẹ́ ló ń gbẹ́sẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: a ṣẹ Màmá. Lọ́dún tó kọjá, Afí, opó kan láti Tógò, jókòó oṣù márùn-ún láì sọ ọ̀rọ̀ kan. Ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ń yà. Inú bí wa. A kọ̀wé sí Màmá pé Gẹ̀ẹ́sì la ní kí wọ́n kọ́ni, aṣọ ni wọ́n ń fi ṣeré. Pé bí Afí kò bá sọ̀rọ̀ kí oṣù tó parí, a ó kó kíláàsì kúrò lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ̀kọ tí a bá fi ìwàdùwàdù pò, kókó ló ń dì.” Wọ́n lọ jókòó ti Afí, àwọn náà ń ya ilé tiwọn, wọn ò bi í ní nǹkan kan. Ní Ọjọ́bọ̀ kẹta, Afí ya ọkùnrin kan sẹ́nu ìlẹ̀kùn náà. Ó bú sẹ́kún, ó sì sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé ọkọ òun rèé.

A ò kó kíláàsì kúrò mọ́, ṣùgbọ́n a ò lọ tọrọ àforíjì. Lónìí, lọ́la, a ó lọ, là ń wí. Ikú ti ṣáájú wa débẹ̀, ó sì dùn wá wọra.

Nítorí náà, a dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀: ẹ bá wọn dárí jì wá. A gbọ́ pé ẹ ń rò ó láti ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà pa. Ilé yín ni. Bí ẹ bá yọ̀ǹda rẹ̀, ẹgbẹ́ ni yóò máa ra aṣọ àti aró, Afí ni yóò máa kọ́ni, a kò sì ní dá ọjọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́ láti la ẹnu. Ẹ̀yin náà, ẹ má kánjú dá wa lóhùn.

Kí Olúwa, tó gbọ́ èdè ẹni tí kò tíì lè sọ̀rọ̀, gbọ́ tiyín, kó sì nu omijé yín nù.

Olúgbádé Ògúnlẹ́yẹ,
Alága, tó fọwọ́ sí ìwé tí a kọ sí Màmá lọ́dún tó kọjá.