Kẹ́ẹ̀gì Omi Òkun Wòlíì

Sátidé, ìrọ̀lẹ́ wa tó kẹ́yìn ní òtẹ́ẹ̀lì etí òkun

Láyọ̀délé, àbúrò ìyàwó mi tó jẹ́ wòlíì l'Ógbòmọ̀ṣọ́, ló ní ká bu omi òkun wá fún àdúrà. Bí mo ṣe ń bù ú ni ìgbì gbé mi ṣubú. Kàkà kí ìyàwó mi, Ìyá Bọ́sẹ̀, fà mí dìde, fídíò ló ń ṣe, ó sì fi í ránṣẹ́ sí wòlíì. Wòlíì fèsì: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti fẹ́ di ẹja ni?" Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí.

Mo ti da omi náà nù. Omi ẹ̀rọ balùwẹ̀ àti iyọ̀ ló wà nínú kẹ́ẹ̀gì báyìí. Kí wòlíì wá máa gbàdúrà sí i!

Àbí... orúnkún tó ń dun Ìyá Bọ́sẹ̀ ni wòlíì fẹ́ fi omi òkun náà wẹ̀. Bí kò bá san ńkọ́, ta ni yóò máa pọ̀n ọ́n gun àtẹ̀gùn ilé wa n'Ísàlẹ̀ Ọ̀yọ́? Èmi náà ni.

Ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí ẹja.