Ìyàwó Mi Ń Ki Ọkùnrin Mìíràn fún Owó

Ìyàwó mi ń kúnlẹ̀ fún ọkùnrin mìíràn láràárọ̀, owó tó ń rí níbẹ̀ la sì fi ń jẹun. Mo ti sọ ọ́. Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bo orúkọ mi, àwọn ará ìjọ wa pọ̀ lórí page yìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ bú mi, ẹ kọ́kọ́ kà á délẹ̀ ná.

Benin la ń gbé, ẹ̀yìn Sapele Road. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, èmi ni storekeeper níbi tí wọ́n ti ń ta tiles. Ìyàwó mi ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní nursery school kan tẹ́lẹ̀, àmọ́ ẹni tó ni school náà tì í pa, ó sì kó lọ. Owó oṣù mi nìkan ò gbé ilé mọ́, èmi gan-an ni mo ní kó wá nǹkan ṣe. Mo rò pé ó máa ta chin-chin tàbí ankara bíi tàwọn ìyá yòókù. Kí ló lọ ń tà? Oríkì. Bẹ́ẹ̀ ni, oríkì tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn.

Ìyá kan nínú ìjọ wa tó ń gbé ní Ikpoba Hill ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ọkọ ẹ̀ ń ṣe birthday, òun kò sì mọ oríkì kì, ó wá bẹ ìyàwó mi kó bá òun ṣe voice note. Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá ẹ̀ ní Ìsẹ́yìn ni ìyàwó mi ti dàgbà, oríkì kún ẹnu ẹ̀. Ọkùnrin yẹn gbọ́ ọ, ó sunkún, ó gbé e sórí status... ó parí nìyẹn. Wọ́n ń pè láti Ibadan, wọ́n ń pè láti London. Èyí fẹ́ ti bàbá ọkọ, ìyẹn fẹ́ ti ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò. Ìyàwó mi á béèrè ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ìdílé wọn, á wọ yàrá, á ti ilẹ̀kùn. Ọmọbìnrin wa á wá máa pàṣẹ fún mi, "Daddy, no on gen o, Mummy dey record." Èmi tí mo nílé, màá dúró sí kọ́rídọ̀ bí àlejò, mi ò gbọdọ̀ wúkọ́.

Lọ́jọ́ kan, ilẹ̀kùn kò tì dáadáa. Mo yọjú. Ó gbé fóònù sórí àpótí, òun fúnra ẹ̀ wà lórí eékún. Fún ta ni? Mo bi í, ó rẹ́rìn-ín, ó ní tóun ò bá kúnlẹ̀, ohùn náà kì í dùn. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo mọ ohùn yẹn o! Ohùn yẹn ló fi ń jí mi nígbà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, Àkànní ọkọ mi, Àkànní tó ń jí kí ojú ọjọ́ tó là... Ẹ má bi mí ìgbà tó ṣe é kẹ́yìn. Mi ò ní purọ́, èmi ni mo fà á. Ìgbà tí school yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ tì, tí lánlọ́ọ̀dù ń dún mọ̀huru mọ̀huru mọ́ wa, ó kúnlẹ̀ láàárọ̀ kan, ó bẹ̀rẹ̀, mo sì jágbe mọ́ ọn pé, "Ṣé oríkì la máa jẹ?" Ó dìde, ó tún ìró ẹ̀ ró, kò sì ṣe é fún mi mọ́ títí dòní. Oríkì ọ̀hún náà la wá ń jẹ báyìí. Òun la fi ń ra gààrí, òun la fi ń san school fees.

Mo lè fara da àwọn tó kù. Àjàgbé ni mi ò lè fara dà. Canada ló wà, ojoojúmọ́ ló sì ń gba tiẹ̀, ìyàwó mi kì í tíì fọ ẹnu tó fi máa ń ṣe é. "Àjàgbé ọkọ mi, dìde o, òní Jímọ̀ rè é." Mo mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń kì í nìyẹn, gbogbo ọkùnrin ni "ọkọ mi", ta ni ò mọ̀? Àmọ́ ojoojúmọ́ ńkọ́? Mo máa ń rí i lójú ọkàn mi, ó fá irùngbọ̀n, ó nà gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ki earpiece bọ etí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ra perfume, mo gẹ irun, mo ń kọjá síwá sẹ́yìn níwájú ìyàwó mi, ó ní kí n kúrò níbi iná kí n má bàa da ọbẹ̀ òun nù.

Ó wá lọ ra ata ní Santana Market lọ́jọ́ kan, ó fi fóònù ẹ̀ sídìí iná. Mo ṣí i. Mo kọ ọ́ sí Àjàgbé bíi pé ìyàwó mi ló ń kọ ọ́, pé mi ò ṣe iṣẹ́ yìí mọ́, ẹ má pè mí mọ́. Mo block ẹ̀, mo pa ohun tí mo kọ rẹ́. Oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ yẹn dùn lẹ́nu mi gan-an. Nígbà tí owó Àjàgbé ò wọlé mọ́, ìyàwó mi rò pé ó ti rí ẹlòmíràn ni.

Kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Mo ra SIM tuntun, mo di ọkùnrin kan tó ń dá gbé ní Warri. Mo ní Àkànní ni mí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, kó bá mi ṣe tèmi, mo tiẹ̀ san kọjá iye tó ń gbà. Mo ní lọ́kàn mi pé tó bá fi lè pe àjèjì yìí ní Àkànní ọkọ mi, ọwọ́ mi ti tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yìn páálí tiles ní store ni mo wà tí voice note wọlé. Ohun tó sọ rè é: "Ẹ ṣé sà. Ẹ má bínú, mi ò ní lè ṣe eléyìí. Àkànní lorúkọ baálé ilé mi. Mò ń ki gbogbo èèyàn, àmọ́ Àkànní, n kì í tà á."

Ó dá owó náà padà. Mo jókòó sílẹ̀. Mo ń gbọ́ ọ ní àgbọ́túngbọ́ títí ọ̀gá fi ń pariwo orúkọ mi. Inú mi dùn, ojú tì mí, lẹ́yìn náà... ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín... mo bẹ̀rẹ̀ sí í jowú ará Warri yẹn. Òun tí kò sí níbì kankan ni ìyàwó mi sọ ọ́ fún. Kí ló dé tí kò sọ ọ́ fún èmi?

Ọ̀ràn wá burú lópin ọ̀sẹ̀ yẹn. Obìnrin kan pè láti Canada, ó ní òun lọmọ Àjàgbé. Bàbá ti darúgbó, kò dá àwọn ọmọ ẹ̀ mọ̀ mọ́. Àmọ́ tí wọ́n bá ti fi oríkì ọjọ́ náà sí i létí láàárọ̀, tó gbọ́ ọjọ́ tí wọ́n wà àti orúkọ àwọn ọmọ ẹ̀, á dìde jókòó, á dáhùn, á jẹun. Látìgbà tí oríkì náà ò ti wá mọ́, bàbá ń béèrè obìnrin tó ń jí òun. Ó ní kí ni bàbá òun ṣe fún wa tá a fi kọ̀wé pé kí wọ́n má pè wá mọ́. Ìyàwó mi búra pé òun ò kọ nǹkan kan. Ó yẹ fóònù wò, ó rí block, ló bá kọjú sí ọmọbìnrin wa, torí òun ló máa ń fi fóònù yẹn ṣe game. Ọmọ ń sunkún pé, "Mummy, I swear, I no touch am." Ó ní kó kúnlẹ̀, kó gbé ọwọ́ sókè. Mo wà níbẹ̀, mò ń jẹ ẹ̀bà. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo tún ní kó jẹ́wọ́ kíá kí ìyá ẹ̀ lè dárí jì í.

Ìyàwó mi ti padà sẹ́nu oríkì Àjàgbé, àmọ́ kì í bá ọmọ yẹn sọ̀rọ̀, ó ní irọ́ tó ń pa ló dun òun jù. Tí mo bá jẹ́wọ́, á bi mí pé ta ni mò ń jowú ẹ̀, ṣé bàbá arúgbó tó ń ṣàìsàn ni? Ti SIM yẹn ńkọ́, ṣé kí n sọ ìyẹn náà? Ó ṣì wà nínú àpò mi, mi ò lè jù ú nù, torí ohùn ẹ̀ wà níbẹ̀. Láàárọ̀ yìí mo tún dúró sí kọ́rídọ̀. Ó parí ti Àjàgbé, kò tíì ṣílẹ̀kùn, mo ní bóyá tèmi ló kàn. Ó ṣílẹ̀kùn, ó ní kí n yà fún òun, òun fẹ́ lọ gbé ẹ̀wà kaná.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin àǹtí, ẹ gbà mí o. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, lọ́dọ̀ ọmọ ni àbí lọ́dọ̀ ìyá? Ṣé kí èmi náà kúnlẹ̀? Mi ò kúnlẹ̀ fún un rí.