Ọwọ́ Irin Ìfúntí Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo gbé ìfúntí yín, ẹ̀rọ tí ẹ fi ń fún omi èso ṣe ọtí, jáde láti yàrá ẹ̀yìn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí àbúrò yín kó wá fún wa ti ń rọ̀ jù, mi ò sì fẹ́ kó bàjẹ́.

Bí mo ṣe ń nu ìfúntí náà ni mo ń rò ó. Kí ló dé tí àlàfo fi wà láàárín àwọn pákó agbọ̀n rẹ̀? Kí ló dé tí ẹ máa ń kọ́kọ́ tẹ́ aṣọ àlà sínú rẹ̀, kí ẹ tó da èso tí ẹ gún nínú odó sí i? Mo dán an wò láìtẹ́ aṣọ. Gbogbo èso náà bá ojú àlàfo jáde, ó ta sí mi lójú. Mo ti mọ ìyẹn báyìí.

Mo tún kánjú. Ẹ̀yin máa ń yí i díẹ̀, ẹ ó jókòó, ẹ ó dúró kí omi rẹ̀ dá kí ẹ tó tún yí i. Èmi yí i tagbáratagbára, òrùka irin tó gbá pákó mọ́ra bá já.

Ni mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ ajórin tó bá yín ṣe é ní àdúgbò Akpakpa. Mo bi í léèrè ìdí tí ọwọ́ irin tí a fi ń yí i fi gùn tó bẹ́ẹ̀.

“Ṣé wọn ò sọ fún yín ni? Bàbá ló ní kí n fi irin kún un. Wọ́n ní apá ọ̀tún àwọn ò lágbára mọ́.”

Ọdún tó ṣáájú ikú yín ló fi irin náà kún un. Ọdún yẹn gan-an ni mò ń bínú pé ẹ ò jẹ́ kí n bá yín yí i mọ́. Mo rò pé ẹ ò gbẹ́kẹ̀ lé mi ni. Ṣé ẹ ò fẹ́ kí n rí i pé apá yín ń gbọ̀n ni, Bàbá?

Nígbà tí ajórin ti jó òrùka náà, tí mo padà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Màmá jáde wá, wọ́n di orí irin náà mú pẹ̀lú mi.

“Dúró kó kán tán ná. Bí èmi àti bàbá rẹ ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, tó o bá ti lọ síbi iṣẹ́.”

Mo dúró títí ó fi kán tán, a sì tún jọ yí i.

Omi èso náà ti wà nínú ìgò ńlá báyìí, ó ń hó bó ṣe ń di ọtí. Màmá kì í mutí, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti gbé etí lé ara ìgò náà, wọ́n dijú, wọ́n ń gbọ́ híhó rẹ̀.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí ìbéèrè rẹ̀ ò tíì tán.